Ojú Ewé Tí Kò Sí Àwòrán Lórí Rẹ̀

Òórùn láfún ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Lẹ́yìn kíláàsì wa ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́, àpáta kan wà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó fẹ̀ tó ibi tí ọmọdé lè fi gbá bọ́ọ̀lù, orí rẹ̀ sì ni àwọn obìnrin àdúgbò ti máa ń sá ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rẹ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin. Tí oòrùn bá ti mú, òórùn kíkan yẹn á gba ojú fèrèsé wọlé, á dàpọ̀ mọ́ ti ìrẹsì tí àwọn ọmọ gbé wá nínú kúlà. Àwọn tíṣà yòókù a máa ti fèrèsé tiwọn. Èmi kì í tì í. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, kò sí òórùn kan tó dára tàbí tó burú lójú mi. Mo kàn mọ̀ pé ó ń rùn ni, bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé òní ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Oṣù kan ó lé díẹ̀ kí n tó wọ kíláàsì yẹn ni mo bímọ. Oyún náà pé oṣù mẹ́sàn-án, kò sí àìsàn kankan, mo sì ti to aṣọ ọmọ sínú báàgì kékeré kan. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ wọn lé mi níkùn láti gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Ó wá a títí, ó sì jáde lọ pe ẹlòmíràn. Mo rọbí, mo bí i, yàrá náà sì dákẹ́. Ìyá ọkọ mi ló gbà á lọ́wọ́ wọn nínú aṣọ funfun. Mo na ọwọ́. Ó ní kí n má wò ó, pé ìyá kì í wo irú rẹ̀, kí ọkàn má baà máa tẹ̀ lé ohun tí ojú ti rí. Ọkọ mi, tó ń kọ́ wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú wa, wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà ṣọ́ọ̀ṣì. Kí n tó délé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti sin ín. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ní gbólóhùn kan náà lẹ́nu: "Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Mò ń ṣe àmín sí i bí ìgbà tí ọmọ ilé-ìwé ń dáhùn sí orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà.

Mi ò sunkún. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń yìn mí nítorí ẹ̀, wọ́n ní ìgbàgbọ́ mi lágbára. Ìgbàgbọ́ kọ́. O mọ bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú tí ènìyàn bá jókòó lé e pẹ́, tó jẹ́ pé tí o bá fọwọ́ kàn án, bí ẹni fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ara mi rí. Ìsinmi ìbímọ oṣù mẹ́ta ni wọ́n kọ fún mi, mo lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún nínú rẹ̀, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa, obìnrin àgbàlagbà kan tí kì í pariwo, wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ṣé o rò ó dáadáa?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kíláàsì kẹrin ni mo ń kọ́ tẹ́lẹ̀. Ó gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké, àwọn ọlọ́dún mẹ́rin márùn-ún, nítorí tíṣà wọn ti bá ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Òmùò. Mo rò pé ó gbà pé àwọn ọmọ náà á tù mí nínú. Àwọn kan nínú àwọn tíṣà rò pé ìwà ìkà ni. Èmi ò rò nǹkan kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ kan ṣubú, ó figbe ta, mo sì rí i pé iwájú búláòsì mi ti tutù, nítorí omi ọmú kò mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń dúró dè é. Mo wọ súwẹ́tà lé e, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Inú páálí kan lábẹ́ tábìlì ni mo ti bá àwọn ìwé náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa ló kó wọn wá. Ìwé àwòrán fún ọmọdé ni, èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ wọ́n, ewé wọn sì nípọn débi pé ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè fà á ya. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jà nítorí táyà tí wọ́n ń yí káàkiri. Òmíràn jẹ́ ti ọmọdébìnrin kan tó ń bẹ̀rù láti gba orí ìtì igi kọjá odò, títí ó fi kọjá. Ọ̀kan jẹ́ ti ìdílé: bàbá, ìyá, ìyá àgbà àti àwọn ọmọ, nídìí oúnjẹ, lóko, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú èyí ni mo ti máa ń ka "ilé", tí gbogbo kíláàsì á sì dá mi lóhùn pé "ulé", nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ tiwọn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìyá tó bí mi ń pè é. Iṣẹ́ mi ni láti tún un ṣe fún wọn. Lọ́dún yẹn, mi ò tún nǹkan kan ṣe.

Ìwé kẹrin ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ojú ọmọ kan ṣoṣo ló wà lórí ewé kọ̀ọ̀kan, ó tóbi, gbólóhùn kan sì wà lábẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn. Inú ń bí mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Ojú ń tì mí. Inú mi bàjẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà pé kí tíṣà máa ṣí i láràárọ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá fọwọ́ kan ojú tó jọ tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó sì sọ ìdí rẹ̀ bó bá wù ú. Mo ṣe bí wọ́n ṣe wí, torí pé ohun tí wọ́n bá ti kọ sílẹ̀ rọrùn fún mi láti ṣe nígbà náà. Ọmọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé ojú ìbínú ló máa ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́, ìdí kan náà ló sì ní: ẹ̀gbọ́n òun ti jẹ ẹyin òun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, inú wọn dùn. Èmi á jókòó sórí àga kékeré wọn, orúnkún mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi, màá máa kà á fún wọn, màá sì máa rò ó pé inú ni èdè wa kó gbogbo ẹ̀ sí. Inú ló ń dùn, inú ló ń bàjẹ́, inú náà ni ọmọ ń gbé. Tèmi ti ṣófo. Kí ló kù níbẹ̀ tí yóò dùn tàbí tí yóò bàjẹ́? Mò ń rò ó láìsí omijé kankan, bí ẹni ń ṣe ìṣirò.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, ọmọ ọdún márùn-ún, tí kì í fọwọ́ kan ojú kankan. Ìyá àgbà rẹ̀ ló ń mú un wá, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń sá láfún lẹ́yìn kíláàsì wa. Tó bá kan ọmọ náà, á dìde, á rìn dé iwájú, á wo ojú márààrún bí ẹni ń wo ọjà tí kò ní rà, á sì padà lọ jókòó. Kò ya ọmọ burúkú. Ó ń jẹun, ó ń kọ A B D rẹ̀, ó kàn dákẹ́ ni. Ọ̀gá wa wá wò wá lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó sì yìn mí lẹ́yìn náà pé mo ní sùúrù fún ọmọ náà, pé tíṣà mìíràn ìbá ti fipá mú un. Mo gba ìyìn náà. Sùúrù kọ́ sì ni. Ó rẹ̀ mí láti béèrè, mi ò sì fẹ́ mọ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, òjò ti rọ̀ mọ́jú, àpáta ń dán lẹ́yìn ilé, kò sí ẹni tó sá nǹkan kan síbẹ̀. Ó kan ọmọ náà. Ó wá síwájú, ṣùgbọ́n kò wo àwọn ojú yẹn. Ó di ìwé náà mú lórí itan mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i lọ. Ó kọjá ìdùnnú, ó kọjá ìbínú, ó kọjá gbogbo wọn, títí ó fi dé ewé tó gbẹ̀yìn, èyí tó kángun sí èèpo ìwé. Funfun lásán ni. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e.

"Èyí," ó ní.

Ọmọkùnrin tí wọ́n máa ń jẹ ẹyin rẹ̀ nàgà wò ó. "Àǹtí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà kò bínú. "Mo mọ̀," ó ní, kò sì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Ibẹ̀ ni ọmọ kan láti ẹ̀yìn ti bi mí pé, "Àǹtí, ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ò tíì fọwọ́ kan tiyín rí." Òótọ́ ni. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ojú ìdùnnú ni tíṣà máa ń fọwọ́ kàn, kò sì níí gbà mí ju kí n ṣí ìwé náà padà sí iwájú. Mo wo ọwọ́ kékeré tó wà lórí ewé funfun náà, mo sì gbé tèmi lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìka wa kan ara wọn. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, epo àkàrà sì wà lára rẹ̀ díẹ̀. Ó wò mí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́, kì í ṣe pẹ̀lú ìyanu, ó wò mí bí ènìyàn ṣe ń wo ẹni tó bá nínú ọkọ̀ tó sì wá mọ̀ pé ibi kan náà ni àwọn ń lọ. Lẹ́yìn náà ni mo pa ìwé náà dé, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, èjì.

Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí àwọn ọmọ ń ṣeré, ìyá àgbà rẹ̀ wá bá mi. Ẹ̀gẹ́ ti gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó funfun dé ìgbọ̀nwọ́. Èdè Ìkẹ́rẹ́ pọ́ńbélé ló ń sọ, mò ń tún un sọ bó ṣe máa yé ọ ni.

"Tíṣà, kí lo ń kọ́ ọmọ mi? Ó dé ulé, ó ní òun wà níbi tí kò sí nǹkan kan. Ó ní ìwọ náà wà níbẹ̀. Ibo nìyẹn?"

Mo ní, "Ìwé ni, Màmá." Mo mú un wá, a sì jáde lọ sórí àpáta kí àwọn yòókù má baà máa gbọ́. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣí i, kò ṣì wọ́n kà. "Inú ń bí eléyìí. Eléyìí, nǹkan ló dẹ́rù bà á. Eléyìí ti ṣe ohun tí kò dáa." Ó dé ewé tó gbẹ̀yìn. "Ibí?"

"Ibẹ̀ ni, Màmá."

Ó jókòó. Ó ní ìyá ọmọ náà, ọmọ tí òun bí, ṣàìsàn lọ́dún tó kọjá ní Àkúrẹ́, ó sì kú síbẹ̀. Wọ́n sọ fún ọmọ pé ìyá rẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ ní Àbújá. "Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ìgbà wo ló ń bọ̀. Kò bi mí mọ́." Ó yí ojú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Kí ló gbé ọ débẹ̀?"

Kò tíì sí ẹni tó bi mí. Rò ó wò, gbogbo ìlú ló ti kí mi, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè kan. Mo sọ ọ́ fún un, kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Mo bímọ, ó kú kí n tó bí i, wọn ò jẹ́ kí n rí i. Nígbà tí mo rí i pé ó fẹ́ lanu, mo bá a sọ ohun tí mo rò pé ó fẹ́ sọ, kó lè tètè kọjá: "Wọ́n ní omi ló dànù, agbè kò fọ́."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà," ó ní. Ó ń fi èékánná ha ẹ̀gẹ́ kúrò lọ́wọ́. "Àmín ni mo ṣe. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà àkọ́kọ́, kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣùgbọ́n Tíṣà, ṣé nítorí agbè ni mo ṣe lọ sódò? Omi ni mo lọ pọn."

A jókòó síbẹ̀ títí agogo fi lù. Nígbà tó dìde, ó ní kí n yá òun ní ìwé kan, pé òun rí òmíràn lọ́wọ́ mi nígbà kan tí àwòrán ìdílé wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Mi ò lè kà á, ṣùgbọ́n mo lè wò ó pẹ̀lú ẹ̀." Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kì í jáde. Mo fún un.

Ọjọ́ kẹta ló dá a padà, ó wé e sínú náílọ́ọ̀nù kí láfún má baà kàn án. Ó ní àwọn ti jọ wò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin, nígbà tí àwọn sì dé ibi tí ìyá inú ìwé ti ń bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ, òun sọ òtítọ́ fún un. Mo bi í pé kí ni ọmọ náà wí.

"Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́," ìyá àgbà náà wí. "Ó ní òun rò pé èmi ni mi ò tíì gbọ́. Kò fẹ́ kí n sunkún."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin náà fọwọ́ kan Inú mi bàjẹ́, kò sọ ìdí, ó sì sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí ikun imú rẹ̀ fi kán sórí ìwé. Mo gbé e sórí itan títí ó fi tán. Lọ́jọ́ kejì, ojú ìbínú ni. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó wo ọmọkùnrin ẹlẹ́yin yẹn, ó sì sọ fún un pé kó máa jẹ ẹyin rẹ̀ kó tó wẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má baà rí i jẹ. Èmi ò tíì sunkún. Mo kàn ń wò ó bí ẹni tó ṣì wà létí odò ṣe ń wo ẹni tó ti gòkè.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Ẹ̀gúsí ló ń ṣẹ́ nínú igbá lójúde. Mo jókòó tì í, mo bá a ṣẹ́ díẹ̀, kí n tó wí pé, "Mọ́mì, báwo ló ṣe rí?"

Kò bi mí pé ta ni. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo ti múra sílẹ̀ pé yóò bá mi wí, tàbí pé yóò bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ní, "Irun rẹ̀ pọ̀, ó wá sí iwájú orí. Obìnrin ni, ìyẹn o mọ̀. Etí rẹ̀, etí ọkọ rẹ gan-an ni, tó fẹ̀ lókè yẹn. Àpá kékeré kan wà léjìká rẹ̀, ó dúdú, bí ẹni fi ìka tẹ̀ ẹ́." Ó gbé igbá náà sílẹ̀. "Mo wò ó dáadáa, ìyàwó mi. Mo mọ̀ pé o máa bi mí lọ́jọ́ kan. Mo ti ń retí rẹ."

Oṣù mẹ́ta ni mo ti fi mú un sínú pé ó gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ̀ pé ó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi lórí oúnjẹ. Òun náà kò wo ọmọ yẹn. Wọ́n ní kó má wò ó, ó sì ṣe bí wọ́n ṣe wí. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ etí, ó gbé ọwọ́ sókè, ó di etí ara rẹ̀ mú, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo bu oúnjẹ sẹ́nu. Mo ní, "Iyọ̀ mà ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ yìí."

Ó ní, "Ó ti ń pọ̀ láti bí oṣù méjì."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Mo rò pé bí o ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

A rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tó kúrú. Kì í ṣe pé ara mi yá lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ènìyàn tẹ́lẹ̀, nítorí pé wọ́n máa ń fẹ́ kí ìtàn ní ibi tó ti yí padà, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ẹsẹ̀ tó kú kì í jí lẹ́ẹ̀kan náà, bó bá sì ń jí, ó máa ń ta ènìyàn. Ó gbà mí ní oṣù púpọ̀ sí i, ẹkún mi sì dé lọ́jọ́ kan tí kò sí ìdí kankan, lójú ọ̀nà Ẹ̀mùré, nínú ọkọ̀ èrò, tí obìnrin tó jókòó tì mí fún mi ní gèlè rẹ̀ láti fi nujú láì béèrè nǹkan kan. Ohun tí ìwé náà fún mi kò tó ìwòsàn. Àyè kan ló fún mi láti gbé ọwọ́ lé, nígbà tí gbogbo àyè yòókù jẹ́ ti àwọn tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Àwọn tó ya ìwé náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn fi àyè náà sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún méjì, mo tún lóyún. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ káàdì mi ní ilé ìwòsàn kò ju ọmọdébìnrin lọ, ó ń kánjú, èrò pọ̀ lẹ́yìn mi. Ó wo àyè tí wọ́n ń kọ iye ọmọ sí, ó ní, "Oyún àkọ́kọ́ yín nìyí, mà?"

Mo ní rárá, èkejì ni.

"Àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Ó kú kí n tó bí i. Obìnrin ni. Irun rẹ̀ pọ̀."

Kò sí ibi tí wọ́n ń kọ irun sí lórí káàdì náà. Ṣùgbọ́n ó gbé bírò rẹ̀ dúró, ó gbójú sókè, ó sì dúró kí n sọ ìyókù.